Kòrónà ti ẹnubodè, àwọn aṣòfin wá di ikọ̀: ohun tí wọ́n ṣe àti iṣẹ́ tó kù níwájú wọn

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì ní Èkó, ní Ògùn àti ní Àbújá. Lọ́jọ́ náà ni Zhou Pingjian, aṣojú ìjọba Ṣáínà ní Nàìjíríà, lọ jẹ́ ìpè Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, tó jẹ́ Abẹnugan Ilé Aṣojú-ṣòfin nígbà náà. Ọ̀pọ̀ wa ló wo ìpàdé yẹn lórí fóònù nínú ilé tí a há mọ́. Abẹnugan fi fídíò kan han àlejò rẹ̀ nípa ojú tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń rí ní ìlú Guangzhou, ó sì sọ fún un pé inú ló ń bí òun tí òun fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kì í ṣe ikọ̀. Ní Guangzhou nígbà náà, wọ́n ń lé àwọn aláwọ̀ dúdú jáde nínú ilé àti òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń fipá sé àwọn mìíràn mọ́lé, nítorí ìfura pé àwọn ló ń gbé àrùn Kòrónà kiri. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ṣáájú ni ikọ̀ oníṣègùn ẹlẹ́ni 15 láti Ṣáínà balẹ̀ sí Àbújá pẹ̀lú irinṣẹ́ ìlera. Ẹni tó ń gbé ìrànwọ́ bọ̀ gan-an ni Abẹnugan dojú ọ̀rọ̀ kọ. Nígbà tí ilé tún jókòó ní ọjọ́ 28 oṣù náà, àwọn aṣòfin ní kí wọ́n yẹ ìwé ìgbélùú àwọn ará Ṣáínà tó wà ní Nàìjíríà wò.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ló kan aṣòfin nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ti ààrẹ àti mínísítà rẹ̀ ni. Geoffrey Onyeama ló wà ní ipò mínísítà nígbà náà, òun náà sì pe aṣojú Ṣáínà wá sọ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Abala 12 sọ pé àdéhùn tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò lè di òfin nílé àyàfi bí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Owó tí ìjọba àpapọ̀ máa ná, wọn ló ń fọwọ́ sí i, gbèsè tó bá máa jẹ náà sì ń kọjá lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ààrẹ bá fẹ́ rán lọ ṣojú wa ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn sénétọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ. Wọ́n sì lè pe mínísítà èyíkéyìí wá jíhìn.

Tèmi ni pé inú àwọn agbára wọ̀nyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ohùn aṣòfin lókè òkun kò lè lágbára ju ohun tó lè ṣe nílé lọ. Nígbà Kòrónà, a rí àwọn aṣòfin tó mọ èyí tí wọ́n sì lò ó. A tún rí àwọn tó gbà pé bí ìpàdé bá ti wáyé, tí wọ́n sì ti ka ìkéde jáde, iṣẹ́ ti parí.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ni ká fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà ti kó ipa tó tóbi jù. Bí àrùn náà ti ń tàn ká ní ọdún 2020, owó epo jábọ́, àwọn ọkọ̀ òfúrufú dúró, owó orí kò wọlé mọ́. Síbẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa san gbèsè kò yí padà. Ìjọba tó ń wá owó afẹ́fẹ́ ọ́síjìn fún ilé ìwòsàn ló tún ń wá owó èlé fún olówó ní London àti Beijing. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, àwọn orílẹ̀-èdè G20, ìyẹn àwọn tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi jù lágbàáyé, ní àwọn tó tòṣì jù lè dá sísan gbèsè wọn dúró fún ìgbà díẹ̀. Orílẹ̀-èdè 73 ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àǹfààní náà, 48 ló tẹ́wọ́ gbà á, owó tí wọ́n sì dá dúró títí di ìparí ọdún 2021 jẹ́ bílíọ̀nù dọ́là 12.9. Ìdádúró ni o, kì í ṣe ìdáríjì. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣì máa san lẹ́yìn ọ̀la, àwọn olówó aládàáni tó ra bọ́ǹdù, ìyẹn ìwé gbèsè tí ìjọba ń tà, kò sì bá wọn dá sí i. Nàìjíríà kò sí lára àwọn 48 náà. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ ìjọba lẹ́rù kò ṣòro láti mọ̀: ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá tọrọ ìdádúró, ọjà owó àgbáyé yóò kà wọ́n sí ẹni tí kò ṣe é yá lówó mọ́.

Níbi tí àwọn ààrẹ ti ń ṣọ́ ẹnu, àwọn abẹnugan rí àyè sọ̀rọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Gbàjàbíàmílà bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé àwọn olórí ilé aṣòfin Gánà, Kẹ́ńyà, Etiópíà, Sẹ̀nẹ̀gà àti Rùwáńdà lórí ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n ń béèrè ju ti G20 lọ: kí wọ́n fagi lé gbèsè ilẹ̀ Áfíríkà, kí owó tó bá ṣẹ́ kù lọ sí ìlera àti ìgbé ayé aráàlú, kí àwọn ilé aṣòfin sì máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ná an. Apá tó gbẹ̀yìn yìí ló dára jù nínú àbá náà. Olówó tó bá ń sọ pé òun kò fẹ́ dárí gbèsè ji ìjọba tó máa jí owó náà kó, ẹ̀rí ni wọ́n fẹ́ fún un pé ẹnì kan wà nílé tó máa di àpò náà mú. Nígbà tó yá, ìpàdé orí ẹ̀rọ yẹn di ẹgbẹ́ àwọn olórí ilé aṣòfin Áfíríkà, wọ́n sì ṣe àpérò ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Àbújá ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022.

Gbèsè ńkọ́? Kò sí ẹni tó fagi lé e. Gánà kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 pé òun kò lè san ọ̀pọ̀ gbèsè ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, Etiópíà náà kùnà láti san owó èlé bọ́ǹdù rẹ̀. Méjì nìyẹn nínú orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí olórí ilé aṣòfin wọn jọ wà nínú ìpàdé ọdún 2020. N kò sọ pé àwọn abẹnugan ló fà á, nítorí ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n lè bẹ olówó, wọn kò lè pàṣẹ fún un. Àmọ́ ibì kan wà tí àṣẹ ti wà lọ́wọ́ wọn pátápátá, ìyẹn ni ẹnu ọ̀nà tí gbèsè tuntun ń gbà wọlé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2020, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ní Nàìjíríà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i kí ìjọba yá owó tó lé ní bílíọ̀nù dọ́là 22. Olówó náà ń ka ìwé ìròyìn. Ó rí ilé kan tó ń fọwọ́ sí gbèsè ńlá, ó tún rí olórí ilé kejì nínú ilé aṣòfin kan náà tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàgbé gbèsè.

Iṣẹ́ tí kò gba ariwo, tí mo sì gbà pé ó wúlò ju àwọn ìpàdé wọ̀nyẹn lọ, ni èyí tí ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó ilé lórí àdéhùn ilẹ̀ òkèèrè ṣe ní oṣù Keje àti Kẹjọ ọdún 2020. Nicholas Ossai ni alága wọn. Wọ́n ṣí ìwé àdéhùn owó mílíọ̀nù dọ́là 400 tí Nàìjíríà yá lọ́wọ́ báńkì Exim ti Ṣáínà ní ọdún 2018 fún iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba, wọ́n sì kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí gbólóhùn kan tó ní Nàìjíríà ti yọ̀ǹda ààbò tí òfin fún un gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè, bí ẹjọ́ bá dé lórí owó náà. Ariwo ta. Rotimi Amaechi, mínísítà ọ̀rọ̀ ìrìnnà, wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra, kí ìwádìí náà má baà lé Ṣáínà sá kúrò nídìí owó ojú irin Ìbàdàn sí Kánò. Ìjọba sọ pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ìwé owó yíyá, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀ ohun tó yẹ ká béèrè ni ìdí tó fi jẹ́ pé ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé, nígbà tí àjàkálẹ̀-àrùn ti gbé gbogbo ayé dè, ni aráàlú tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ ń bá ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ lọ́nà tó yé wọn jù.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí bí aṣòfin ṣe lè ba ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ àti bí aṣòfin ṣe lè tún un ṣe nígbà àjàkálẹ̀-àrùn, Bùràsíìlì ni kó wò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2020, Eduardo Bolsonaro, aṣojú-ṣòfin tó tún jẹ́ ọmọ ààrẹ Jair Bolsonaro, kọ ọ́ sórí Twitter pé Ṣáínà ló jẹ̀bi àrùn náà. Ó fi í wé bí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe bo ọ̀rọ̀ ìjàǹbá ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Chernobyl mọ́lẹ̀. Yang Wanming, aṣojú Ṣáínà ní Brasília, fèsì ní gbangba pé kó tọrọ àforíjì. Dípò kí mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Ernesto Araújo, pa iná náà, ńṣe ló dojú ìbáwí kọ aṣojú Ṣáínà pé èsì rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ṣáínà ni Rodrigo Maia, olórí ilé aṣojú-ṣòfin, ó sì tọrọ rẹ̀ ní orúkọ ilé. Ṣáínà ló ń ra ọjà Bùràsíìlì jù lágbàáyé. Maia mọ ohun tó wà nílẹ̀.

Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni gbogbo ayé wá rí ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn lè náni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Bùràsíìlì. Ilé iṣẹ́ méjì tó máa ṣe é nílé, Butantan ní São Paulo àti Fiocruz ní Rio de Janeiro, ń dúró de èròjà, Ṣáínà sì ni èròjà àwọn méjèèjì ti ń bọ̀. Kò tètè dé. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, Maia tún lọ bá Yang Wanming sọ̀rọ̀, ó sì jáde wá sọ fún àwọn oníròyìn pé aṣojú náà ní iṣẹ́ ìwé ló ń fa ìdádúró, kì í ṣe ìjà òṣèlú. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wọ etí ikọ̀ Ṣáínà ní Brasília lọ́jọ́ náà, inú ilé aṣòfin ló wà.

Àwọn sénétọ̀ kò dúró níbẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2021, ọjọ́ tí iye àwọn tí Kòrónà pa ní Bùràsíìlì kọjá 300,000, Araújo jókòó níwájú wọn. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni wọ́n ń sọ fún un lójúkojú pé kó fiṣẹ́ sílẹ̀, pé ọ̀nà tó gbà ń bá Ṣáínà àti àwọn mìíràn lò ló ń dènà abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, Sẹ́nétì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Omar Aziz ni alága, Renan Calheiros ló ń kọ ìròyìn rẹ̀. Wọ́n pe àwọn mínísítà, wọ́n pe Araújo padà, wọ́n pe ẹni tó ń ṣojú Pfizer, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Tẹlifíṣọ̀n ń gbé e jáde lójoojúmọ́, àwọn èèyàn sì ń wò ó bí ẹni ń wo eré ìdíje bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni aráàlú ti gbọ́ pé Pfizer kọ lẹ́tà sí ìjọba ní ọdún 2020 láti ta abẹ́rẹ́ fún un, tí lẹ́tà náà sì wà nílẹ̀ fún oṣù méjì láìsí ẹni tó dáhùn. Wọ́n fọwọ́ sí ìròyìn wọn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, iye òkú sì ti lé ní 600,000.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé rí nínú èyí ni pé Sẹ́nétì Bùràsíìlì kò rán ẹnì kan lọ sí Beijing. Agbára ìbéèrè tó wà lọ́wọ́ wọn nílé ni wọ́n lò, ó sì yí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún orílẹ̀-èdè náà padà.

Ti Yúróòpù yàtọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà gbé àbá kan lọ síwájú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, WTO, pé kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ àdáni tí àwọn ilé iṣẹ́ ní lórí oògùn àti abẹ́rẹ́ Kòrónà dúró fún ìgbà díẹ̀, kí ẹlòmíràn tó bá ní ilé iṣẹ́ lè máa ṣe é. Àwọn aláṣẹ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé aṣòfin Yúróòpù dìbò lórí rẹ̀: 355 fara mọ́ ìdádúró náà, 263 kọ̀ ọ́, 71 kò dá sí i. Ìbò tó ṣe kedere ni, ó sì fún àwọn tó ń jà fún Áfíríkà ní ìgboyà. Ṣùgbọ́n ilé náà kò ní agbára láti pàṣẹ fún àwọn tó ń dúnàádúrà ní orúkọ Yúróòpù, ipò àwọn yẹn kò sì yí padà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú ààrẹ Joe Biden ti ń kọ lẹ́tà sí i, ìjọba rẹ̀ sì kéde ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2021 pé òun fara mọ́ ọn ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí WTO parí ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, lábẹ́ Ngozi Okonjo-Iweala, abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n fi sí i, oògùn àti irinṣẹ́ àyẹ̀wò kò sí níbẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.

Ní ti ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ilé aṣòfin àgbáyé, IPU, tó ti wà láti ọdún 1889, kò ṣe irú rẹ̀ rí kí Kòrónà tó dé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, wọ́n fi ẹ̀rọ dìbò ìkọ̀kọ̀ láti ibi tí oníkálukú wà, wọ́n sì yan Duarte Pacheco láti ilẹ̀ Pọtogí ṣe ààrẹ. Àpéjọ gbogbogbòò wọn ti oṣù Karùn-ún ọdún 2021 náà, orí ẹ̀rọ ló wà. Owó ọkọ̀ òfúrufú kò sí nínú rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké tí kì í lè rán èèyàn lọ sí Geneva sì rí àyè jókòó. Ohun tó sọnù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìpàdé, níbi tí aṣòfin méjì tí orílẹ̀-èdè wọn ń jà ti lè jọ mu tíì kí wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni jíjókòó pọ̀ ń so èso rere, ṣá. Ní ìparí oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé aṣòfin Áfíríkà péjọ ní Midrand ní Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn ilẹ̀ Áfíríkà kò tíì rí abẹ́rẹ́ gún. Ohun tí gbogbo ayé rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni àwọn aṣòfin tó ń ti ara wọn, tí wọ́n ń tàpá, lórí agbègbè tí ipò ààrẹ ilé náà máa lọ. Ọdún kan gbáko ló kọjá kí wọ́n tó yan ààrẹ tuntun. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí. Ilé aṣòfin ECOWAS ní Àbújá, tó ní ìjókòó 115, kò ja irú ìjà yẹn, àmọ́ ìmọ̀ràn ló pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ láàárín Badagry àti ilẹ̀ Benin tí Nàìjíríà ti tì láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019, nítorí fàyàwọ́, ló tún bá Kòrónà nínú títì. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ààrẹ tó ní kí wọ́n ṣí i. Àwọn oníṣòwò tó ní ìyá ní Kútọnu àti àbúrò ní Badagry kò rí aṣòfin kankan tó lè ṣí i fún wọn.

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tí COVAX, ètò àgbáyé tó ń pín abẹ́rẹ́ Kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè, fún Nàìjíríà balẹ̀ sí Àbújá ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021, ó sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é. Kí oṣù náà tó parí, àrùn náà ti gbóná ní Íńdíà, wọ́n sì dá gbígbé abẹ́rẹ́ jáde dúró. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, àwọn orílẹ̀-èdè olówó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tó kù nílé wọn tọrẹ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì dé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó bàjẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2021, Nàìjíríà da abẹ́rẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan sí ààtàn ní Gosa, ní Àbújá, níṣojú àwọn oníròyìn.

Oṣù yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ Omicron. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Gúúsù Áfíríkà ló tètè rí ẹ̀yà àrùn náà, wọ́n sì tètè kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní oṣù Kọkànlá. Èrè tí wọ́n gbà ni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Nàìjíríà sínú ìwé pupa, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dínà mọ́ nítorí àrùn náà. Ìyẹn ni pé ará Peckham ní London tó bá wá sìnkú ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, bó bá padà, yóò san owó pọ́n-ùn 2,285 fún yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa sé e mọ́. Sarafa Túnjí Ìṣọ̀lá, aṣojú Nàìjíríà ní London, sọ ọ́ láìfi bò pé ìyàsọ́tọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Sajid Javid tó jẹ́ mínísítà ìlera dìde nínú ilé aṣòfin ní Westminster, ó ní àwọn yóò yọ orílẹ̀-èdè 11 tó wà nínú ìwé náà kúrò.

Àwọn ìrírí wọ̀nyí ló bí àdéhùn àgbáyé lórí àjàkálẹ̀-àrùn tó wà nílẹ̀ báyìí. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò rẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, Precious Matsoso láti Gúúsù Áfíríkà sì wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n fọwọ́ sí i ní Geneva. Nígbà tí ìgbìmọ̀ dìbò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, orílẹ̀-èdè 124 ló fara mọ́ ọn, kò sí ẹni tó kọ̀ ọ́, 11 ló sì ní àwọn kò dá sí i, Ítálì, Rọ́ṣíà àti Ìráànì lára wọn. Amẹ́ríkà ti kéde pé òun ń kúrò nínú WHO, kò sì sí níbẹ̀.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú àdéhùn náà ni ìpín abẹ́rẹ́. Bí àjàkálẹ̀-àrùn bá bẹ́, ilé iṣẹ́ tó bá wọ inú ètò náà yóò máa ya ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún abẹ́rẹ́, oògùn tàbí irinṣẹ́ àyẹ̀wò tó bá ń ṣe sọ́tọ̀ fún WHO bó ti ń ṣe é lọ. Ó kéré tán, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń ṣe yóò jẹ́ ọ̀fẹ́, èyí tó kù yóò sì jẹ́ ní owó tí apá ká. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ni kí àwọn orílẹ̀-èdè máa tètè gbé kòkòrò àrùn tí wọ́n bá rí àti àpèjúwe àbùdá rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí pàṣípààrọ̀ yẹn yóò ṣe máa rìn ni wọ́n kò rí parí ní ọdún 2025. Wọ́n fi í sínú àfikún kan tí wọ́n máa jíròrò lọ́tọ̀, àdéhùn náà kò sì lè ṣí sílẹ̀ fún ìbuwọ́lù àfi bí wọ́n bá fọwọ́ sí àfikún yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, orílẹ̀-èdè 60 gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di tiwọn nílé kó tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Níbi "nílé" yẹn ni ọ̀rọ̀ ti padà sọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ káàkiri WhatsApp pé WHO yóò máa pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún wa, pé yóò máa fipá gún wa lábẹ́rẹ́. Irọ́ ni. Àdéhùn náà sọ ọ́ kedere pé kò fún WHO láṣẹ láti yí òfin orílẹ̀-èdè kankan padà, tàbí láti pàṣẹ abẹ́rẹ́ tàbí títì ìlú. Aṣòfin tó bá ka ìwé náà lè sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Èyí tí kò bá kà á ni yóò gbé irọ́ náà dé orí àga ilé.

A ti rí bí irú iṣẹ́ yìí ṣe lè pẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn láti dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa yẹ oògùn wò fún gbogbo ilẹ̀ náà ní oṣù Kejì ọdún 2019, ọdún kan gbáko kí Kòrónà tó wọ Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè 15 péré ló nílò láti sọ ọ́ di tiwọn. Oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ló tó di òfin, lẹ́yìn tí Kamẹrúùnù ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ilẹ̀ Benin wà lára àwọn tó tètè ṣe é. Nàìjíríà, tó ní èèyàn jù ní Áfíríkà, tí oògùn ayédèrú sì ti pa lọ́mọ púpọ̀, kò sí lára wọn nígbà náà.

Fún àwa tí a wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù, àfikún tí mo mẹ́nu bà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ní Nàìjíríà, ará Ítálì tó gba Èkó lọ sí Ewékorò, inú ara rẹ̀ ni wọ́n ti gba kòkòrò tí wọ́n ṣe àpèjúwe àbùdá rẹ̀ ní yàrá ìwádìí Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi. Wọ́n parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan ní oṣù Kẹta ọdún 2020, òun sì ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó dé ìlú wọn. Bí àfikún náà bá dé iwájú ilé ní Àbújá, aṣòfin tó ń ṣojú Ẹdẹ, Ẹgbẹ́dọrẹ̀ àti Èjìgbò ní ẹ̀tọ́ láti dìde béèrè lọ́wọ́ mínísítà ìlera pé: kòkòrò tí wọ́n bá tún rí ní Ẹdẹ, ọjọ́ mélòó lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpín tiwa nínú ìdá 20 yẹn yóò balẹ̀, ta ni yóò sanwó ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀, ilé ìkẹ́rùsí wo ló sì ní yìnyín tó tó láti gbà á?